Olè Inú Àpótí Ímeèlì

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó máa ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé ojú-ewé ti ilé yìí, lórí ọ̀ràn oúnjẹ, lórí ọmọ títọ́, àti lórí owó tí kì í tó ná. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀n ọdún mélòó kan ni irú ìwé mìíràn ti ń dé. Ẹni tí ó kọ ọ́ yóò wí pé olè ti wọ inú àpótí ímeèlì òun, ó ti fi orúkọ òun tọrọ owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, òun sì ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà òun, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù. Síbẹ̀ ọkàn òun kò balẹ̀. Ǹjẹ́ ó ku nǹkan tí ó yẹ kí òun ṣe bí? Èsì wa ni pé ó kù, àti pé èyí tí ó kù náà pọ̀ ju èyí tí a ti ṣe lọ.

Dípò tí à bá fi to òfin lé òfin fún àwọn ènìyàn wa, a ó kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé kan tí a mọ̀ dájú. Ìyá tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí ti fún wa láyè láti sọ ọ́, kìkì pé kí a má ṣe dárúkọ òun tàbí ti ẹnikẹ́ni nínú ilé òun.

Ìyá yìí jẹ́ olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni ó sì ń gbé. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ilé-ẹ̀kọ́ kan fi í ṣe akápò, nítorí pé láti ìgbà èwe rẹ̀ wá, kò sí ẹni tí ó gbọ́ rí pé owó ẹlòmíràn sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń dá owó jọ láti fi páànù tuntun bo òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ wọn tí ìjì ti ṣí dànù. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Èkó ni wọ́n ti fẹ́ ra páànù náà, orí ímeèlì ni òun àti akápò sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ iye owó àti ọjọ́ tí ẹrù yóò dé.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé ìyá yìí tí í ṣe ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 19, tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pólì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn aya ilé tí kì í fi orúkọ pe ọmọ ọkọ wọn, “Ọkọ mi” ni ìyá náà ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọmọ yìí ni ó bá a ra fóònù rẹ̀, òun ni ó bá a ṣí àpótí ímeèlì, òun náà ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò owó ìyá, kí ó má baà gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n lọ ṣe ìsìnkú àgbà kan ní Ìṣẹ́yìn, ìwé kan dé sí orí fóònù ìyá náà. Ó wí pé àpótí ímeèlì rẹ̀ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, àti pé bí kò bá tẹ ibi kan báyìí-báyìí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, a ó ti àpótí náà pa. Ariwo ìlù ń bẹ níwájú, àlejò ń bẹ lẹ́yìn. Ìyá tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀. Ojú-ewé kan ṣí, ó jọ ti Google tí ó máa ń rí lójoojúmọ́, ó sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìwé ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé ilé ìwòsàn ni ó wà, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi 50,000 náírà ránṣẹ́ sí i ní kíákíá. Ọmọ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt rí i, ó pè é lórí fóònù: “Mọ́mì, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Wọ́n ti gba ímeèlì yín. Ẹ tètè pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù yín o.” Ọmọ ọkọ rẹ̀ bá a pààrọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé ẹ̀tàn dẹ́kun. Gbogbo ilé dúpẹ́, wọ́n sì gbàgbé ọ̀ràn náà.

Ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé oníṣòwò páànù dé. Ó kí ìyá gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kí i, ó dárúkọ iye páànù gan-an tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ó sì wí pé àwọn ń ṣe àyẹ̀wò ìṣirò owó ní báǹkì àwọn, nítorí náà kí ó san owó náà sínú àkáǹtì tuntun kan. Kò sí ohun tí ó yàtọ̀ nínú ìwé náà bí kò ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó lé sí i nínú àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ ọ́. Ojú wo ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ìyá san 620,000 náírà, owó ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ 7, oníṣòwò gan-an pè é. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ṣé ẹ ò fẹ́ páànù yín mọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kọ̀wé sí yín, ẹ ò dá wa lóhùn.”

A kò ní lè sọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó pe ìyá ní olè lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan bèèrè pé, ta ni ó tún mọ pásíwọ́ọ̀dù náà yàtọ̀ sí akápò? Ẹlòmíràn wí pé òun ti kíyè sí ọmọkùnrin kan nínú ilé rẹ̀ tí kì í gbé fóònù sílẹ̀ títí di òru, àti pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun ni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ bí ọ̀rọ̀ “ọmọ Yahoo” ti tètè ń bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ wa lónìí. Nígbà tí ìyá padà délé, ó pe ọmọ náà jókòó. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí i wò.” Ìyá kò ṣí i wò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì dá a padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni ó fi pè é nígbà tí ó ń sọ fún un pé kí ó di ẹrù rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi orúkọ pè é.

Nígbà tí a gbọ́, ọ̀kan nínú wa tí ó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí lọ sí ilé ìyá náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ìdí tí ó fi mú kọ̀ǹpútà lọ ṣe pàtàkì púpọ̀: ẹni tí ó bá ń ka ìwé rẹ̀ lórí Gmail ti fóònù kò lè rí àwọn ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí rárá. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń rí wọn. Fóònù nìkan ni ìyá sì ní.

Wọ́n ṣí Gmail, wọ́n tẹ àmì kan tí ó dàbí àgbá eléyín ní apá ọ̀tún lókè, wọ́n tẹ ibi tí a kọ See all settings sí. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n wò ni Forwarding and POP/IMAP. Forwarding yìí jẹ́ àṣẹ tí a fi ń sọ fún àpótí wa pé, ìwé tí ó bá dé, kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn. Ó wúlò fún ẹni tí ó ní àpótí méjì. Ìyá kò ní ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ rí. Gbogbo ìwé tí ó ti wọlé láti ọjọ́ ìsìnkú wá, ìwé ọmọ rẹ̀, ìwé báǹkì, ìwé oníṣòwò, olè náà ti gba àdàkọ wọn.

Ibi kejì ni Filters and Blocked Addresses. Filter kò ju asẹ́ lọ, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Ẹni tí ó ni àpótí a máa sọ fún un pé, ìwé tí ó bá rí báyìí, dà á sí ihín. Èyí tí ó bá rí báyìí, dà á sí ọ̀hún. Asẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì tó. Ó wí pé ìwé yòówù tí ó bá ti àdírẹ́sì oníṣòwò páànù wá, kí a dà á sínú Trash, láì jẹ́ kí ìyá rí i. Wọ́n ṣí Trash. Ìwé mẹ́ta tí oníṣòwò sọ pé òun kọ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wọn.

Kí a má baà fi ọ̀rọ̀ gùn, ohun tí olè náà ṣe nìyí. Ní wákàtí díẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ilé fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lu ihò sí ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni a pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ iwájú ilé, a sì lọ sùn. Pásíwọ́ọ̀dù tuntun a máa dá ẹni tí ó fẹ́ wọlé dúró. Ṣùgbọ́n kò kan ìwé tí àpótí fúnra rẹ̀ ń gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí a ti fún un. Àní ìwé tọrọ-owó tí ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe òun ni ó fa àdánù ńlá. Èyí tí ó dákẹ́ ni ó fà á.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ìwé kan nínú Trash náà, òun ni ó sì mú kí ìyá fi ọwọ́ lé àyà. Google fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, láti kìlọ̀ pé ẹnì kan ti wọ inú àpótí náà lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn kò rí rí. Olè ti yára dà á nù kí ìyá má baà kà á, ṣùgbọ́n kò rántí láti ṣófo Trash. Ọjọ́ ìsìnkú ni, ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní wákàtí náà gan-an, níwájú ìyá àti níwájú gbogbo ẹbí, ọmọ ọkọ rẹ̀ ń gbé àga kiri lábẹ́ kánópì, fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpamọ́wọ́ ìyá, nítorí òun ni ó fi í fún ní ìtọ́jú. Ọmọ náà kò sì ní kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ 26 ni ó pé ní ọjọ́ tí wọ́n rí ìwé yìí. Google kì í tọ́jú ohun tí a bá dà sí Trash ju ọjọ́ 30 lọ. Bí ó bá ṣe pé ọ̀sẹ̀ kan ni a tún fi falẹ̀ ni, ẹ̀rí ọmọ náà ì bá ti parẹ́ pátápátá.

Àwọn tí irú èyí ti bá pọ̀ káàkiri ayé, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 2011, olè wọ inú àpótí Gmail ìyàwó James Fallows, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn ojúlùmọ̀ wọn pé wọ́n ti ja obìnrin náà lólè ní Madrid, ó sì pa ìwé ọ̀pọ̀ ọdún tí ó wà nínú àpótí náà rẹ́. Fallows kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn The Atlantic ní ọdún náà kan náà, ó sì sọ bí wọ́n ti ṣe wàhálà tó kí wọ́n tó rí ìwé wọ̀nyí gbà padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ti Mat Honan, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Wired, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olè fi ẹ̀tàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá méjì lórí fóònù, wọ́n gba àkáǹtì Apple rẹ̀. Nítorí pé àdírẹ́sì Apple náà ni ó fi sílẹ̀ láti máa fi gba Gmail rẹ̀ padà bí ó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sínú Gmail, wọ́n ti inú Gmail bọ́ sínú Twitter, wọ́n sì pa gbogbo ohun tí ó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, títí kan àwòrán ọmọ rẹ̀ jòjòló.

Ọ̀ràn Honan yìí ni ó gbé wa dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò ka sí. Nígbà tí a ṣí àpótí wa, wọ́n bèèrè nọ́ńbà fóònù kan àti àdírẹ́sì mìíràn kan lọ́wọ́ wa, tí wọn yóò fi dá wa mọ̀ bí a bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Recovery phone àti Recovery email ni orúkọ wọn. Ẹni tí nọ́ńbà yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó lè fi tirẹ̀ rọ́pò tiwa, kí ó lè padà wá nígbà tí ó bá wù ú. Lọ́nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ewu wà níbẹ̀ bí olè kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mélòó nínú wa ni ó ti ju nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ta dátà ní ẹ̀dínwó? Bí a kò bá lo nọ́ńbà kan fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbà á padà kí ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tí a kò mọ̀ rí ni yóò wá máa gba kọ́kọ́rọ́ ilé wa. Nígbà tí a wo ti ìyá wa yìí, nọ́ńbà tí ó ti pa tì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní báyìí, bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú àwọn òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe iṣẹ́ àtúnṣe náà lórí kọ̀ǹpútà kàfẹ́, níbi tí a kò ti mọ ẹni tí ó ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ yá ti ẹni tí ẹ mọ̀ dájú. Kí a pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù sí èyí tí a kò lò níbòmíràn rí, kí ó sì gùn. Ọ̀pọ̀ ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún ohun gbogbo, bí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ti ilé, sọ́ọ̀bù, àti àpótí owó. Ní ọdún 2013, àwọn olè kó ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ jáde kúrò lọ́dọ̀ Yahoo. Ní ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ náà tó jẹ́wọ́ pé gbogbo àkáǹtì tí àwọn ní nígbà náà ni ó kàn, bílíọ̀nù 3 ni iye wọn. Ẹni tí ó bá ń lo pásíwọ́ọ̀dù ti Yahoo fún Facebook àti fún báǹkì, kì í ṣe Yahoo nìkan ni ó ti pàdánù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Security nínú àkáǹtì Google, ẹ wo Recovery phone àti Recovery email, kí ẹ fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ òní síbẹ̀. Ẹ wo Your devices, níbi tí orúkọ gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó wọ inú àkáǹtì yín wà. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ lé e jáde. Ẹ wo orúkọ àwọn app tí ẹ ti fún láyè láti máa ka ìwé yín. Olè lè fi tirẹ̀ sáàárín wọn. Nígbà náà ni kí ẹ wá padà sí Settings ti Gmail, kí ẹ wo Forwarding, kí ẹ wo Filters, kí ẹ sì pa ohunkóhun tí kì í ṣe ọwọ́ yín ni ó fi í síbẹ̀ rẹ́. Àwọn tí ń lo Outlook yóò bá irú asẹ́ yìí níbi tí a kọ Rules sí.

Ojú-ewé kan tún wà nínú Settings náà tí a ń pè ní Accounts and Import. Grant access to your account tí ó wà níbẹ̀ ni ibi tí a ti lè fún ẹlòmíràn láṣẹ láti máa ka ìwé wa kí ó sì máa fèsì bí ẹni pé àwa ni, láì lo pásíwọ́ọ̀dù wa. Ó yẹ kí ó ṣófo, àfi bí ẹ bá ní akọ̀wé. Ẹ wo Send mail as pẹ̀lú, nítorí olè lè kọ Reply-to síbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fèsì ìwé yín, ọ̀dọ̀ olè ni èsì rẹ̀ yóò lọ. Ti Signature àti Vacation responder kò gba àkókò. Ẹ kàn ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ojú-ewé Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ní apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà, Details, tí ń fi hàn ìgbà tí a ṣí àpótí náà kẹ́yìn àti ibi tí a ti ṣí i. A kò mọ ìdí tí wọ́n fi kọ nǹkan tí ó wúlò tó bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní.

Bí olè bá ti pa orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín rẹ́, ẹ má sọkún. Google Contacts lè dá wọn padà sí bí wọ́n ti wà ní ìgbàkígbà láàárín ọjọ́ 30 tí ó kọjá, bí ẹ bá tẹ Undo changes.

Ohun tí ó kù ni 2-Step Verification, tí Google ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2011. Pẹ̀lú rẹ̀, bí olè tilẹ̀ gbọ́ pásíwọ́ọ̀dù, a ó tún bèèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá kọ́ọ̀dù kan tí ó wà lórí fóònù yín. A kì í sọ kọ́ọ̀dù yìí fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó pè yín tí ó ní báǹkì ni òun ti ń pè, ìbáà jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Google yóò tún fún yín ní kọ́ọ̀dù 10 tí ẹ lè lò ní ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ sì kó wọn pamọ́ síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Àwa tí a ń kọ èyí kò ní ẹnu láti fi bú ẹnikẹ́ni: títí di ọdún tí ó kọjá, ara ògiri ni a kọ pásíwọ́ọ̀dù ọ́fíìsì wa sí, lójú gbogbo ẹni tí ó bá wá gba ìwé ìròyìn.

Ní ti owó, ọjọ́ tí a bá ti mọ̀ ni kí a sáré lọ sí báǹkì, nítorí wọ́n lè di owó tí ó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì olè mú kí ó má baà gbà á tán. Kí a fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá pẹ̀lú. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti ọdún 2015, a sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Àwọn ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka kan ní Àbújá tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Kí a tọ́jú ìwé ẹ̀tàn náà, kí a má ṣe fi ìbínú pa á rẹ́, kí a sì ya àwòrán àdírẹ́sì àjèjì tí a bá bá nínú Forwarding kí a tó yọ ọ́ kúrò.

Ní ọ̀ràn ti ìyá wa yìí, báǹkì rí 140,000 náírà dì mú. Ìyókù, ó ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ san án fún ẹgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ní kí ó fi í sílẹ̀. Páànù ti dé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bàtà ọmọ náà kò tíì wí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ìyá àti ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Níwájú bàbá ọmọ náà ni ó ti wí pé: “Ọkọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú.” Bàbá ọmọ náà ní kí ó má ṣe bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀, pé ó ti tó. Ìyá kò gbà. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dá fóònù ọmọ náà padà fún un. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó dìde. Ó wá bèèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ ti yọ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn kúrò níbẹ̀?” Ìyá kò tíì yọ ọ́. Wọ́n wá àga méjì, wọ́n sì jókòó tì í.